Èyí Tí Kò Bá Yé Yín, Ẹ Mú Rárá

Ní California níbi tí mò ń gbé, ìwé ìdìbò kì í tán síbi orúkọ àwọn olóṣèlú. Èèyàn á mú ààrẹ, á mú sẹ́nétọ̀, á mú aṣojú, á rò pé ó parí. Tó bá ṣí ojú ìwé kejì, á rí i pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìbéèrè ló kù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mẹ́wàá ni wọ́n tò síbẹ̀. Ṣé kí ìjọba yá bílíọ̀nù 10 dọ́là láti fi tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe? Ṣé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ di dọ́là 18 fún wákàtí kan? Ṣé kí àwọn ìlú lè fi gbèdéke sí owó ilé? Ṣé kí ìyà ẹni tó jalè àti ẹni tí wọ́n ká oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Prop la máa ń pè wọ́n, nọ́ńbà sì ni orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àti Rárá nìkan ló wà níbẹ̀, kí èèyàn fi bírò kun ọ̀kan.

Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní agbègbè East Bay, ìmọ̀ràn kan wà tó máa ń yọjú tí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àǹtí wa kan ló máa ń fi ránṣẹ́, àgbà nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má da ara yín láàmú o. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ mú Rárá." Kíá, àwọn èèyàn á ti máa tẹ àtàǹpàkò sí i, ẹnìkan á sì kọ "Àmín" bí ẹni pé àdúrà ni. Ọgbọ́n wà nínú ìmọ̀ràn náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ọgbọ́n náà dé dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tà láàárín wa. Níbi tí a ti wá, èèyàn ni wọ́n máa ń ní ká wá mú, wọn kì í bi wá ní nǹkan kan. Rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù tí àwọn bàbá wa lè tọ́ka sí ni ti oṣù keje ọdún 1963, tí wọ́n bi àwọn ará Benin àti Delta bóyá wọ́n fẹ́ yà kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn kí wọ́n ní ẹkùn tiwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́, bí Mid-West ṣe dá dúró nìyẹn. Òfin ìpilẹ̀ 1999 fún aráàlú láyè láti pe aṣòfin wọn padà sílé, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi, tí INEC wá yẹ orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i wò ní 2018, àwọn tó fìdí múlẹ̀ kò tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ẹkùn náà. Ibẹ̀ ló parí sí. Ẹni tó dàgbà sínú irú ètò yẹn ló dé Amẹ́ríkà, tó na ọwọ́ sókè búra láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n fún ní àsíá kékeré, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti di aṣòfin.

Bí nǹkan yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn láti sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, inú àpò iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Southern Pacific ni òṣèlú California wà. Hiram Johnson fi lílé wọn kúrò níbẹ̀ polongo ìbò, ó di gómìnà, nígbà tó sì di ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1911, àwọn olùdìbò gbà pé kí aráàlú lè máa gbé òfin kalẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n lè fagi lé èyí tí ilé aṣòfin ṣe, kí wọ́n sì lè yọ ẹni tí wọ́n yàn sípò. Ọjọ́ kan náà ni àwọn obìnrin gba ẹ̀tọ́ ìdìbò níbẹ̀, díẹ̀ báyìí sì ni Bẹ́ẹ̀ ni fi ju Rárá lọ. (Àwọn ọkùnrin nìkan ló dìbò lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń rán ọkọ mi létí.)

Ohun tí wọ́n fi lé olówó jáde ni olówó padà gbá mú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé òfin wá síwájú wa gbọ́dọ̀ kó ìfọwọ́sí tó tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tí wọ́n dì fún ipò gómìnà kẹ́yìn, ìdá 8 tó bá jẹ́ pé òfin ìpilẹ̀ ló fẹ́ yí padà. Fún ìbò 2024, iye náà jẹ́ 546,651 àti 874,641, ọjọ́ 180 sì ni wọ́n ní láti fi kó o. Tíṣà kan àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ò lè ṣe é. Iléeṣẹ́ tó ń kó ìfọwọ́sí ni wọ́n máa ń gbé e fún, àwọn ọmọ tó ń dúró níwájú ilé ìtajà sì sábà máa ń gbowó lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú wọn dá mi dúró bí mo ṣe ń ti ẹrù mi lọ sídìí ọkọ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí owó àwọn aláìsàn máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Ta ni kò ní fẹ́? Mo gba bírò. Kí n tó kọ nǹkan kan, ojú mi lọ síbi ọ̀rọ̀ kan tí òfin ní kí wọ́n máa tẹ̀ gàdàgbà sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbé e wá lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, ó sì lè jẹ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Mo bá béèrè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní owó lòun ń gbà, ó wá ṣí àwọn ìwé míì tó wà lábẹ́ èyí hàn mí, bóyá ọ̀kan nínú wọn á wù mí. Mo dá bírò padà fún un. Mi ò bá a jà. Ọmọ iléèwé ni, owó ilé lòun náà ń wá.

Ìbéèrè tó bi mí yẹn ló padà di Prop 34, ìtàn rẹ̀ ni mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá rò pé ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ìdìbò ni wọ́n ń béèrè. Àjọ kan wà ní Los Angeles, AIDS Healthcare Foundation, tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ètò ìjọba àpapọ̀ kan ń jẹ́ kí wọ́n ra oògùn ní ẹ̀dínwó, owó gọbọi sì ń wọlé fún wọn láti ibẹ̀. Àjọ yìí kan náà ló ń ná owó sórí ìjà owó ilé. Àwọn ló gbé Prop 10 wá ní 2018, Prop 21 ní 2020 àti Prop 33 ní 2024, gbogbo rẹ̀ kí àwọn ìlú lè fi gbèdéke sí owó ilé ju bí òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1995 ṣe gbà wọ́n láyè lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn onílé ní láti ná owó rẹpẹtẹ láti bá wọn jà.

Inú bí wọn. California Apartment Association, ẹgbẹ́ àwọn onílé, wá kó owó tiwọn jọ, wọ́n gbé Prop 34 jáde. Ó ní iléeṣẹ́ ìlera tó ń jàǹfààní ẹ̀dínwó oògùn náà gbọ́dọ̀ máa ná ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń ti ibẹ̀ wá sórí ìtọ́jú aláìsàn tààrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta wá ni òfin náà kàn? Ẹ ka ìsàlẹ̀. Ó kan iléeṣẹ́ tó ti ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ láàárín ọdún mẹ́wàá sórí ohun tí kì í ṣe ìtọ́jú tààrà, tó sì tún ní ilé tí àwọn ayálégbé ń gbé, tí àwọn alábẹ̀wò ti kọ ẹ̀sùn ńlá tó tó 500 sílẹ̀ nípa rẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bá wí mọ ara rẹ̀. Àwọn aláìsàn tí ọmọ yẹn fi bẹ̀ mí níwájú ilé ìtajà, ìkẹ́ àti ìgẹ̀ wọn kọ́ ni àwọn onílé ń wá. Wọ́n fẹ́ ká bá wọn gba àpò owó lọ́wọ́ ọ̀tá wọn ni.

Kì í ṣe pé àjọ náà jẹ́ ẹni mímọ́. Ìròyìn tó ń jáde nípa àwọn ilé tí wọ́n ní ní Los Angeles kò dùn létí rárá. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó yẹ ká fi òfin ìpínlẹ̀ tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 38 parí aáwọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì. Mo mú Rárá. Prop 34 wọlé, díẹ̀ ló fi borí.

Ní ti Prop 33, àriyànjiyàn rẹ̀ gbóná láàárín wa. Nínú ẹgbẹ́, a ní arákùnrin kan tó ra ilé aláàbọ̀ méjì, tó ń gbé apá kan, tó fi apá kejì háyà. A sì ní tọkọtaya kan tí owó ilé wọn ń gòkè lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń bímọ. Ẹ lè mọ ẹni tó sọ kí ni. Ayálégbé lèmi náà. Nígbà tí mo ka òfin náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkópọ̀ rẹ̀, mo rí i pé yàtọ̀ sí pé ó fagi lé òfin 1995, ó tún fi gbólóhùn kan kún un: ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ẹ̀tọ́ ìlú kankan kù láti fi gbèdéke sí owó ilé. Láéláé nìyẹn. Kí ìlú olówó kan wá fi gbèdéke tó le gan-an dí kíkọ́ ilé tuntun lọ́wọ́, kí aráyé má baà wá bá wọn gbé, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Sacramento, olú ìlú wa, ò ní lè sọ̀rọ̀. Torí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe mú Rárá, ìyàwó inú tọkọtaya yẹn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló kọ̀ ọ́.

Ẹ ò rí i pé mo ti ń mú Rárá kiri, èmi tí mo ní mo fẹ́ bá Àǹtí jiyàn. Ẹ ní sùúrù.

Ìdí tí mo fi ka gbólóhùn yẹn sí ni pé òfin tí aráàlú fi ìbò ṣe ní California kì í ṣe ẹgbẹ́ òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Èyí tí ilé aṣòfin ṣe, tó bá bàjẹ́, wọ́n lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí àwa bá ṣe, wọn ò lè fọwọ́ kàn án láìpadà wá bi wá, àfi tí òfin náà bá fúnra rẹ̀ gbà wọ́n láyè. Ẹyin lohùn, ìyẹn sì ṣeé sọ nípa Prop 13 ti ọdún 1978, tó so owó orí ilé mọ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé, tó ní iye náà kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 2 gòkè lọ́dún kan àfi tí wọ́n bá ta ilé náà. Títí dòní, ẹni tó ra ilé láyé ìgbà yẹn àti ẹni tó ra ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lánàá kì í san iye kan náà, kò sì sí olóṣèlú tó láyà láti fọwọ́ kàn án.

Prop 22 ti 2020 ló yé àwọn èèyàn wa jù, torí pé ọ̀pọ̀ arákùnrin wa ló ń wa Uber. Ilé aṣòfin ti ṣe òfin pé kí wọ́n ka irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Uber, Lyft, DoorDash àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ná ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ kí wọ́n má baà kà wọ́n sí òṣìṣẹ́. Nínú áàpù tí àwọn awakọ̀ fi ń wá jíjẹ mímu ni wọ́n ti ń rí ìpolongo náà. Nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló gbà á wọlé. Wọ́n tún ti fi ibì kan pamọ́ sínú rẹ̀: ilé aṣòfin kò lè ṣe àtúnṣe sí i àfi tí ìdá méje nínú mẹ́jọ àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ìdá méje nínú mẹ́jọ! Àwọn tó ń jà lórí orúkọ òpópónà, ìgbà wo ni wọ́n máa rí iye yẹn kó jọ?

Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ká fi àgádágodo sí nǹkan, tí mi ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo gbà pẹ̀lú Àǹtí.

Àǹtí náà ò déédéé dé ibi ìmọ̀ràn yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2018, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan gbé Prop 8 wá láti dín èrè irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù. Àwọn iléeṣẹ́ náà ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ, wọ́n sì borí. Ní 2020, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà tún gbé Prop 23 wá, pé kí dókítà máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń tọ́jú aláìsàn. Aráàlú kọ̀ ọ́. Ní 2022, ó tún dé, Prop 29. Aráàlú tún kọ̀ ọ́. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ìjà láti kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀, àwọn tó wà nínú iléeṣẹ́ náà mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ni wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àǹtí máa ń sọ pé àwọn aláìsàn òun á jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á máa wo ìpolongo tó ní òfin yìí máa pa wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á wo òmíràn tó ní òun ló máa gbà wọ́n là, wọ́n á wá yíjú sí òun: "Nọ́ọ̀sì, èwo ni ká mú?" Ẹni tí ojú ẹ̀ ti rí ìyẹn, tó bá ní ká mú Rárá, mi ò ní bá a wí.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ìpínlẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ sílé wà, irú bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ṣe é. Èdè mẹ́wàá ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, láti Sípáníìṣì dé Khmer. Kò sí Yorùbá nínú wọn, kò sì sí èdè Áfíríkà kankan. Bí mo ṣe ń kà á ni pé mo kọ́kọ́ ń lọ wo àwọn tó náwó jù lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ìpínlẹ̀ máa ń tò síta. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ síbi tí àwọn òǹṣirò ilé aṣòfin ti ṣàlàyé ohun tí òfin ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́, ohun tó máa yí padà, àti iye tó máa náni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó ilé ẹ̀kọ́ ti Prop 2 yẹn máa gba nǹkan bí mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ́dún fún ọdún 35 kí wọ́n tó san án tán. Mo mú Bẹ́ẹ̀ ni síbẹ̀síbẹ̀. Mo ti jókòó rí nínú ilé onípákó tí wọ́n fi ṣe kíláàsì ọmọ mi, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà ní láti pariwo. Àríyànjiyàn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo máa ń kà kẹ́yìn, tí mo bá tiẹ̀ kà á. Lẹ́tà ńlá àti àmì ìyanu ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí Rárá ti ń ṣe ni.

Èyí tó rọrùn ni Prop 31 ti 2022. Ilé aṣòfin ti fòfin de títa tábà aládùn, irú èyí tí wọ́n fi ń fa àwọn ọmọdé mọ́ra, láti 2020. Àwọn iléeṣẹ́ tábà kó ìfọwọ́sí jọ láti dá òfin náà dúró, ó sì dúró fún ọdún méjì gbáko tí wọ́n fi ń tajà lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ìwé ìdìbò, Bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé kí òfin náà dúró, Rárá túmọ̀ sí pé kí wọ́n fà á ya. Ẹni tí kò yé, tó wá mú Rárá torí kó má baà dá sí ọ̀rọ̀, iléeṣẹ́ tábà ló dìbò fún. Wọ́n pàdánù, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló mú Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe to ìbéèrè náà.

Èyí tó dùn mí ni Prop 6 ti 2024. Òfin ìpilẹ̀ California sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹrú, ó sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe, àfi láti fi jẹ ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ níyà. Prop 6 fẹ́ yọ "àfi" yẹn kúrò. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá wù ú kó ṣiṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́, ó sì lè fi gba àdínkù ọdún ẹ̀wọ̀n. Èyí tí kò bá ṣe é, wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà tó dọ́là kan fún wákàtí kan. Àwọn aṣòfin dúdú ló gbé e jáde mọ́ ètò gbà-máà-bínú fún àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú, ilé aṣòfin ló sì fi ránṣẹ́ sí wa, kì í ṣe ọmọ tó ń gbowó níwájú ilé ìtajà. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, níbi tó yẹ kí àríyànjiyàn àwọn tó lòdì sí i wà, òfìfo ni. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan ránṣẹ́.

Mo pe Àǹtí lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọn ò sí níbi iṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ ti mú Prop 6, mà?"

"Mo ti mú gbogbo ẹ̀, mo ti jù ú sí àpótí. Rárá ni mo mú síbẹ̀."

"Kí ló dé, mà?"

"Èdè lọ́yà ni wọ́n kọ, Màmá Tìmí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò yé mi. Nígbà tí kò yé mi ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní kì í tiẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, torí ìwọ̀fà láyé àtijọ́ ní ọjọ́ tí ó fi ń ro oko tirẹ̀, tí wọ́n bá sì ti san owó tí ó torí ẹ̀ wọ ìwọ̀fà, ó di òmìnira. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti retí: "Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ò wá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ni? Kó máa jẹ, kó máa sùn?" Mo ní iṣẹ́ wà fún wọn, wọ́n sì ń wá a, ọ̀pọ̀ ló tiẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn síbi iṣẹ́ pánápaná. Wọ́n ní ìyẹn ò burú, àmọ́ wọn ò sọ fún mi pé àwọn ì bá ti mú Bẹ́ẹ̀ ni.

Prop 6 kò wọlé. Ju ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló mú Rárá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ rú lójú. Ọ̀rọ̀ olè ti sú aráàlú lọ́dún yẹn, Prop 36 tó mú kí ìyà le sí i sì gba nǹkan bí ìdá 68. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tó ní ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bó fẹ́ bó kọ̀, ti dìbò rẹ̀, mo kàn ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Nevada, ìpínlẹ̀ tó múlé ti wa. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dìbò lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Níbẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹrú sójú ìbéèrè ní tààrà. Ní tiwa, kò sí níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló mú Bẹ́ẹ̀ ni ní Nevada. Colorado náà ti rí i rí: wọ́n béèrè lọ́nà tó lọ́jú pọ̀ ní 2016, aráàlú kọ̀, wọ́n tún un béèrè dáadáa ní 2018, aráàlú gbà á ní ìrọ̀rùn.

Ohun tí mo ń bá Àǹtí jiyàn lé lórí nìyí. Rárá kì í ṣe dídákẹ́. Rárá túmọ̀ sí pé kí nǹkan wà bó ṣe wà, bó ṣe wà yẹn sì lè jẹ́ ohun tó burú gan-an, àwọn tó ń jìyà rẹ̀ sì lè jẹ́ àwọn tí kò lè dìbò. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ fún kò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò ní California títí yóò fi jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá sí i lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ìwé ìdìbò náà kò ní bàjẹ́, èyí tó kù máa kà. Mo sọ èyí fún Àǹtí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, àwọn rò pé bí ìwé ìdánwò ni, pé ohun tí èèyàn bá fò máa gba òdo.

Lẹ́yìn ìbò, wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àwọn ti yí ìmọ̀ràn àwọn padà: "Èyí tí kò bá yé yín, ẹ bi Màmá Tìmí." Àtàǹpàkò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò. Èyí gan-an ni mi ò fẹ́. Mi ò gba ìwé ìbúra mi kí n lè máa dìbò fún ogójì èèyàn. Lára wọn ni onílé wà, awakọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà, arábìnrin kan tó ní ìsọ̀ oúnjẹ Áfíríkà tí wọ́n ti jí lẹ́rù gbé wà níbẹ̀. Ohun tó máa dùn wọ́n àti ohun tó máa dùn mí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo jókòó, mo wá kọ ọ́ bí màá ṣe máa ṣe é láti ìgbà náà lọ. Fún Prop kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ohun tó máa yí padà tẹ́ ẹ bá mú Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó máa wà bó ṣe wà tẹ́ ẹ bá mú Rárá, àti ẹni tí ìyẹn ń pa lára. Bóyá ilé aṣòfin lè tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Mo fi Prop 34 ṣe àpẹẹrẹ, mo sì fi Prop 6 ṣe ìkejì. Mi ò sọ èyí tí èmi mú. Mo fi ránṣẹ́.

Àǹtí ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ẹ ṣeun gan-an, Màmá Tìmí. Ó yé wa yékéyéké. Èwo gan-an wá ni ká mú?"